Kẹ̀kẹ́ Olówó Pọ́ọ́kú àti Ẹni Tó Ń Rà Á

Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọjà ọjọ́ Àìkú ní Brick Lane, ní ìlà-oòrùn London, wà lára ibi tí ẹni tí wọ́n bá jí kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀ gbé máa ń kọ́kọ́ wá a lọ. Àwọn ọlọ́pàá ṣọ́ ibẹ̀, wọ́n sì mú àwọn kan. Lónìí, púpọ̀ nínú òwò náà ti kúrò lójú pópó, ó ti wọ inú fóònù. Ẹnìkan yóò ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ tí ṣọ́ọ̀bù ń tà ní 900 pọ́ùn, yóò ní 120 pọ́ùn lòun fẹ́, kí ẹni tó bá nífẹ̀ẹ́ sí i wá bá òun nítòsí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, kí ó sì mú owó náà dání. Àwọn ọmọ wa náà ń rà á, pàápàá àwọn tí wọ́n ń wá kẹ̀kẹ́ tí wọn yóò fi máa gbé oúnjẹ kiri fún oníbàárà.

A kò ní fi epo bọ ọ̀rọ̀ yìí, a kò sì ní fi iyọ̀ bọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ra kẹ̀kẹ́ ní iye tí òun fúnra rẹ̀ mọ̀ pé kò lè jẹ́ iye rẹ̀, tí kò sì béèrè ibi tó ti wá, ti bá olè dòwò pọ̀, a sì ń bẹ àwọn ènìyàn wa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n jáwọ́ nínú rẹ̀.

Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ fún un. Ó jọ pé àwọn tó ṣe òfin níhìn-ín náà rí i bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin Theft Act ti ọdún 1968, èyí tí wọ́n ń lò ní England àti Wales, ọdún 7 ni ẹ̀wọ̀n tó pọ̀ jù tí adájọ́ lè fún ẹni tó jalè; ṣùgbọ́n abala 22 nínú òfin kan náà sọ pé ẹni tó bá fi àìṣòótọ́ gba ẹrù olè, tó mọ̀ tàbí tó gbàgbọ́ pé ẹrù olè ni, lè ṣẹ̀wọ̀n tó tó ọdún 14. Ìlọ́po méjì gan-an ni. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí, nítorí pé olè tó fi ẹ̀rọ agérin gé àgádágodo kì í ṣe ẹni tó ń wá kẹ̀kẹ́ tí yóò gùn. Owó ló ń wá, bí kò bá sì rí ẹni tí yóò tètè rà á lọ́wọ́ rẹ̀, wàhálà lásán ló gbé sílé.

Lóòótọ́, ìfura nìkan kò tó láti dá ènìyàn lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo kò sábà gbé ẹnikẹ́ni dé ẹ̀wọ̀n ọlọ́dún gbọọrọ. Síbẹ̀, owó tó kéré jọjọ wà lára ohun tí ilé ẹjọ́ ń wò bí ẹni tó rà á bá ní òun kò mọ nǹkan kan. Fún ẹni tí ìwé ìgbélùú rẹ̀ kò tíì dúró, ọ̀rọ̀ náà tún wúwo sí i, torí pé ìdálẹ́bi, àní ìkìlọ̀ tí ọlọ́pàá bá kọ sílẹ̀ pàápàá, jẹ́ ohun tí fọ́ọ̀mù físà ń béèrè.

Àwọn kan a máa sọ pé ọjà gbangba làwọn ti rà á, àwọn sì sanwó, nítorí náà tàwọn ni. Nígbà kan rí, ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìlànà àtijọ́ kan wà ní England pé ohun tí ènìyàn bá fi òótọ́ inú rà ní irú ọjà bẹ́ẹ̀, láàárín ìgbà tí oòrùn bá yọ sí ìgbà tó bá wọ̀, ti di tirẹ̀, ìbáà jẹ́ pé wọ́n jí i gbé. Ní ọdún 1973, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn gbọ́ ẹjọ́ ọ̀pá àtùpà olówó iyebíye kan tí wọ́n jí gbé, tí ọkùnrin kan sì rà ní ọjà kan ní Southwark ní ìdájí. Wọ́n ní oòrùn kò tíì yọ nígbà tó rà á, ni ẹrù bá padà sọ́dọ̀ olówó rẹ̀. Ilé aṣòfin fagi lé ìlànà náà pátápátá pẹ̀lú òfin ọdún 1994. Láti ìgbà náà, bí ọlọ́pàá bá rí kẹ̀kẹ́ àjígbé lọ́wọ́ rẹ, ẹni tó ni ín ló ń gbà á, owó rẹ a sì wà lọ́wọ́ ẹni tí o kò mọ orúkọ rẹ̀.

A gbọ́ àwáwí pé owó kò sí. A kò fojú kékeré wò ó, nítorí a mọ bí owó ilé àti owó ọkọ̀ ṣe rí ní London. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n jí kẹ̀kẹ́ rẹ̀? Lọ́pọ̀ ìgbà, nọ́ọ̀sì tó ń ti iṣẹ́ òru bọ̀ ni, tàbí agbálẹ̀ ọ́fíìsì tó gbọ́dọ̀ dé ibi iṣẹ́ kí ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ ìrìn. Ọmọ Yorùbá pọ̀ nínú wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ẹjọ́ kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi sun ọlọ́pàá ló ń parí láìrí ẹnikẹ́ni mú, nítorí náà àdánù náà dé bá onítọ̀hún nìyẹn. Kì í sì í ṣe gbogbo kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú ló jẹ́ ti olè: àwọn ẹgbẹ́ aláàánú wà tí wọ́n ń tún kẹ̀kẹ́ àlòkù ṣe, tí wọ́n ń tà á ní iye tó mọ níwọ̀n, tí wọ́n sì ń fúnni ní rìsíìtì.

Nọ́ńbà kan wà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́, tó sábà máa ń wà lábẹ́, níbi tí pẹ́dà ti so mọ́ ọn. Kí ẹni tó fẹ́ rà á gba nọ́ńbà yẹn, kí ó sì yẹ̀ ẹ́ wò lórí BikeRegister, ojúlé orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń forúkọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ sí, níbi tí kò ti ní san kọ́bọ̀ láti mọ̀ bóyá wọ́n ti kéde pé wọ́n jí i gbé. Bí wọ́n bá ti ha nọ́ńbà náà dànù, tàbí tó jẹ́ kẹ̀kẹ́ oníbátìrì tí ẹni tó ń tà á kò ní kọ́kọ́rọ́ bátìrì tàbí ṣájà rẹ̀, kí ó máa bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó bá ti ra fóònù àlòkù ní Computer Village ní Ìkẹjà mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè páálí àti rìsíìtì. Kò sí ìdí tí ọgbọ́n yẹn fi gbọ́dọ̀ dúró sí pápákọ̀ òfurufú.

Ẹ̀bi náà kò sì jẹ́ ti ẹni tó ń rà á nìkan. Òfin mú un ní dandan kí mọ́tò ní nọ́ńbà àti ìwé tó ń sọ orúkọ ẹni tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀. Kò sí irú rẹ̀ fún kẹ̀kẹ́ ológeere. Bí a kò bá tíì fẹ́ dé ibẹ̀, ó kéré tán kí ilé aṣòfin Westminster pàṣẹ pé kí àwọn ojúlé ìtajà bíi Gumtree àti Facebook Marketplace má ṣe gbé ìpolówó kẹ̀kẹ́ kankan jáde láìjẹ́ pé nọ́ńbà ara irin rẹ̀ wà níbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni sì lè yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò nílé. Ìnáwó rẹ̀ kò tó nǹkan lójú èrè tí wọ́n ń jẹ.

Kí òfin náà tó dé, àwọn ẹgbẹ́ ọmọ ìlú àti àwọn ìjọ wa lè bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá London máa ń ṣètò ọjọ́ tí wọ́n ń fi àmì sára kẹ̀kẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì ń fi orúkọ ẹni tó ni ín sílẹ̀ nínú ìwé. À ń rọ àwọn alága ẹgbẹ́ àti àwọn olùṣọ́-àgùntàn ní Peckham, Woolwich àti Thamesmead pé kí wọ́n kọ̀wé sí ọlọ́pàá àdúgbò wọn kí oṣù yìí tó parí, kí wọ́n sì yọ̀ǹda àgbàlá wọn fún iṣẹ́ náà lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú kan.