Ẹ̀rún nánò kò mọ ọ̀nà kókó límífù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí wọ́n bá ti di oògùn sínú ẹ̀rún nánò, ìyẹn ẹ̀rún tó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ńṣe ni yóò máa wá àrùn kiri inú ara bí ajá ọdẹ tó gbóòórùn ẹran, pàápàá nígbà tí wọ́n bá gbọ́ pé ó ń dé inú kókó límífù, ìyẹn àwọn kókó wẹ́wẹ́ ọrùn, abíyá àti gbòǹgbò itan níbi tí sẹ́ẹ̀lì adáàbòbo ara ń péjọ sí. Ẹ̀rún náà kò wá nǹkan kan.

Bó ṣe tóbi tó àti ibi tí abẹ́rẹ́ ti wọlé ló ń pinnu ibi tí yóò já sí. Bí a bá gún un sábẹ́ awọ tàbí sínú ẹran apá, èyí tí kò tó nánómítà 10 (nánómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mílíọ̀nù mìlímítà) sábà máa ń ráyè wọ òpó ẹ̀jẹ̀ tíntìntín, á sì bá ẹ̀jẹ̀ lọ. Èyí tó wà láàárín 10 sí 100 kò lè gba ibẹ̀ wọlé, ṣùgbọ́n ẹnu òpó límífù, ìyẹn òpó tó ń kó omi ara lọ sí kókó límífù, gbà á, omi ara á sì wọ́ ọ dé inú kókó. Èyí tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń há sójú ibi tí wọ́n gún, àfi bí sẹ́ẹ̀lì kan bá gbé e mì, tó sì rù ú lọ. Ẹni tó ń sọ pé bó bá ṣe kéré sí i ni yóò ṣe dára sí i kò tíì rò ó dé ìdí.

Ẹ wo àwọn tó gba àjẹsára mRNA fún kòrónà, tí oògùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀rún ọ̀rá tí kò jìnnà sí nánómítà 100. Abíyá apá tí wọ́n gún gan-an ló máa ń wú fún àwọn kan, nítorí ibẹ̀ ni omi apá náà ń ṣàn sí.

Bí ó bá jẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n gún un sí, ẹ̀dọ̀ ló máa ń gba èyí tó pọ̀ jù mọ́ ọn lọ́wọ́. Àyẹ̀wò kan tó jáde ní 2016, tó kó ìwádìí ọdún 10 jọ, fi hàn pé nǹkan bí 0.7 nínú ọgọ́rùn-ún oògùn náà péré ló ń dé inú kókó jẹjẹrẹ lára ẹranko. Lóòótọ́, àwọn kan máa ń lẹ èròjà tó ń di sẹ́ẹ̀lì mú mọ́ ara ẹ̀rún, ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ kì í fa ẹni tó mú un lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn.

Àwọn oníṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn ti mọ èyí tipẹ́: inú ọyàn náà gan-an ni wọ́n ń gún aró búlúù sí, wọn á sì wo kókó límífù tí yóò kọ́kọ́ yí àwọ̀ ní abíyá.