Yáàdì 5 ò lè bo bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìránṣọ ra àdìrẹ yáàdì 5 ní ọjà Ìtòkú l'Ábẹ́òkúta, kó gé e lọ́gán fi rán bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, pé á bo bẹ́ẹ̀dì ẹsẹ̀ bàtà 6 níbùú lóròó, àti pé aṣọ òwú kì í súnkì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ti ọmọ ọlọ́mọ sí gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká wọ̀n ọ́n. Ẹsẹ̀ bàtà 6 jẹ́ íǹṣì 72. Bí fóòmù bá ga ní íǹṣì 12, tí íǹṣì 6 sì máa wọ abẹ́ rẹ̀, ká ka méjèèjì lọ́tùn-ún lósì, ó di íǹṣì 108 níbùú lóròó, ìyẹn yáàdì 3. Àdìrẹ tó fẹ̀ ní íǹṣì 45, ìbú méjì rẹ̀ ò ju 90 lọ. Ìbú mẹ́ta la máa tò, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní yáàdì 3: yáàdì 9, ká má tíì ka ti súnkì. Odindi ìbú kan ni kẹ́ ẹ gbé sáàárín. Bí ojú ìrán bá bọ́ sáàárín, á máa ha yín lẹ́yìn mọ́jú.

Aṣọ òwú ń súnkì o! Nínú íǹṣì 100, ó lè gba 3 sí 5. Bí ẹ ṣe máa fọ̀ ọ́ lọ́jọ́ iwájú ni kẹ́ ẹ ṣe kọ́kọ́ fọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́, kí sísọ́ọ̀sì tó kàn án. Púpọ̀ nínú aró tó ṣẹ́kù lára rẹ̀ náà á jáde sínú omi, kò ní dé ara fóòmù.

Àpò ìrọ̀rí ló yẹ akẹ́kọ̀ọ́. Ìrán tó tọ́ gbọnrangandan ni gbogbo rẹ̀, yáàdì 5 yẹn á sì ṣẹ́kù.