Bùhárí àti bílíọ̀nù kan tí wọ́n ń ná kí wọ́n tó di gómìnà

Ọmọ Ìdí-Arẹrẹ: Ẹ kú ilé o. Lóṣù Kejìlá 2021, Bùhárí dá àbádòfin ìdìbò padà sílé aṣòfin. Wọ́n ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé dandan ni kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú fúnra wọn dìbò yan olùdíje. Ó ní owó tí ìyẹn máa jẹ ti pọ̀ jù, ààbò ò sì dájú. Lóṣù Kejì 2022, ó wá buwọ́ lu èyí tí wọ́n tún ṣe. Òfin yẹn ló gbé iye tí olùdíje gómìnà lè ná kúrò ní mílíọ̀nù 200 lọ sí bílíọ̀nù 1, ti ààrẹ kúrò ní bílíọ̀nù 1 lọ sí bílíọ̀nù 5. Ẹni tó ní owó ti pọ̀ jù, báwo ló ṣe wá fara mọ́ bílíọ̀nù márùn-ún?

Ṣẹ́gun Apẹtẹ: Bàbá ti kú. Ẹ jẹ́ kó sinmi.

Lọ́yà Kékeré: Ẹ̀gbọ́n, inú òfin 2010 ni mílíọ̀nù 200 yẹn ti wá. Kí ni mílíọ̀nù 200 ìgbà yẹn fẹ́ rà ní 2022? Pósítà, epo ọkọ̀, owó rédíò, gbogbo ẹ̀ ló ti gbówó lórí. Òfin yìí kan náà ló jẹ́ kí BVAS, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ìka àti ojú olùdìbò wò, fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ká yìn ín fún ìyẹn.

Àbẹ̀kẹ́ Ọjà'ba: Ẹ̀rọ wo? Ẹ̀rọ ń mọ ìka, kò mọ ẹni tó gbowó. Níbi tí mo ti dìbò, ọmọkùnrin kan jókòó sórí àga oníke, ó kọjú sí àpótí. Wọ́n ti sọ fún wa láti orí ìlà pé ká má tètè ká ìwé ìdìbò wa, ká gbé e sókè díẹ̀ kó lè rí ibi tá a tẹ̀ka sí. Tó bá ti rí i, á mirí sí ẹnì kejì ẹ̀ lẹ́yìn ògiri. Ibẹ̀ lo ti máa lọ gbowó. Ọlọ́pàá wà níbẹ̀, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ṣẹ́gun Apẹtẹ: Dìbò kó o sebẹ̀ 😂 Èló ni wọ́n fún yín, ìyá?

Àbẹ̀kẹ́ Ọjà'ba: Mi ò gbà á. Ata ni mò ń tà, mi ò ta ìbò.

Ọmọ Ìdí-Arẹrẹ: Ẹ̀yin ìyá mi, owó tí olùdíje ń ná ni mò ń béèrè.

Àbẹ̀kẹ́ Ọjà'ba: Owó yẹn náà kọ́ ni mò ń sọ? Ibo lẹ rò pé bílíọ̀nù yẹn ń wọlé sí?

Bàbá Mọ̀lété: Gbogbo ìsọkúsọ yìí ò sí nígbà tí à ń tò. June 12, 1993, a tò sẹ́yìn fọ́tò Abíọ́lá, wọ́n kà wá lórí kan lórí kan, ó parí. Option A4. Ẹ dá a padà.

Tísà Òkè-Àdó: Ẹ má bínú o, bàbá. Option A4 ni wọ́n fi yan olùdíje nínú ẹgbẹ́, láti wọ́ọ̀dù títí dókè. Ìbò gómìnà oṣù Kejìlá 1991 la tò sẹ́yìn fọ́tò, èyí tí Kọ́lápọ̀ Ìṣọ̀lá fi wọlé ní Ọ̀yọ́ níbí. Ní 1993, ìwé la gbà, a tẹ̀ka, a sì jù ú sínú àpótí lójú gbogbo èèyàn.

Bàbá Mọ̀lété: Ọmọ ọdún mélòó ni ẹ́ nígbà yẹn?

Tísà Òkè-Àdó: Mo ti ń kọ́ọ̀yàn níwèé, sà.

Bàbá Mọ̀lété: Ìwọ ń kọ́ọ̀yàn níwèé, èmi wà lórí ìlà. Oòrùn pa mí. Mo tò.

Tísà Òkè-Àdó: Ẹ tò lóòótọ́, sà. Ẹ tò láti gbàwé ni. Kì í ṣe ẹ̀yìn fọ́tò.

Lọ́yà Kékeré: Òótọ́ ni tísà sọ.

Bàbá Mọ̀lété: Lọ́yà, wọn ò tíì bí ẹ. Má dá sí i.

Ganiyu Bódìjà: Ẹ̀yin ará Mọ̀lété kọ́ lẹ kọ́ wa ní òṣèlú àmàlà? Ilé Àdédìbú, bàbá ìsàlẹ̀ òṣèlú Ìbàdàn, ńkọ́? Ṣebí ibẹ̀ ni gbogbo ìlú ti ń jẹun.

Bàbá Mọ̀lété: Àdédìbú bọ́ àwọn èèyàn ẹ̀. Ta ló ń bọ́ ẹ lónìí?

Ṣẹ́gun Apẹtẹ: Ọ̀rọ̀ àmàlà ti wọ̀ ọ́. Ganiyu, ibo ni gbẹ̀gìrì ti dáa jù ní Bódìjà yín? Ebi ń pa mí.

Ganiyu Bódìjà: Wá sí àdúgbò mi, mà á fi hàn ẹ́.

Ọmọ Ìdí-Arẹrẹ: Ẹ jọ̀ọ́! Ẹ wo ìyà tó wà nínú òfin 2022 yẹn. Olùdíje tó bá ná ju iye tí wọ́n fọwọ́ sí, owó ìtanràn ẹ̀ ò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún iye yẹn. Fún gómìnà, mílíọ̀nù 10 nìyẹn. Ẹni tó lè ná bílíọ̀nù mẹ́ta kò ní mọ̀ pé mílíọ̀nù 10 jáde lápò òun. Òfin 2022 yẹn sì gbà kí ẹnì kan ṣoṣo ta olùdíje lọ́rẹ mílíọ̀nù 50, mílíọ̀nù 1 péré ni òfin 2010 gbà. Ẹni tó fún ẹ ní mílíọ̀nù 50, ṣé á gbàgbé ni?

Lọ́yà Kékeré: Ẹ̀wọ̀n ọdún kan náà wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Adájọ́ lè fi méjèèjì kún ara wọn.

Ọmọ Ìdí-Arẹrẹ: «Tàbí» ló wà níbẹ̀. Ìtanràn, TÀBÍ ẹ̀wọ̀n. Èwo lolówó máa mú?

Lọ́yà Kékeré: Adájọ́ ló ń mú un, kì í ṣe olówó.

Ìyàwó Kọ̀ǹdọ́: Mílíọ̀nù 100 ni APC ta fọ́ọ̀mù ààrẹ ní 2022, PDP ta tiwọn ní mílíọ̀nù 40. Fọ́ọ̀mù lásán! Ọmọ tálákà wo ló fẹ́ jáde?

Àbẹ̀kẹ́ Ọjà'ba: MO TI SỌ Ọ́. Ẹni tó ra fọ́ọ̀mù ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù, orí wa ló ti máa gbà á padà. ORÍ WA NI.

Tísà Òkè-Àdó: Bàbá, mo ṣì ní fọ́tò kan tá a yà lọ́jọ́ June 12. Àpótí wà níbẹ̀ gbagbaagba.

Ṣẹ́gun Apẹtẹ: Tísà, gbé e síbí ká rí i!

Bàbá Mọ̀lété: Àpótí ibòmíì ni. Ní Mọ̀lété, a tò. Mo tún sọ ọ́: A TÒ.