Àtúnṣe: Irọ́ ni pé ẹni tó ní ìpèníjà òye ò lè fẹnu ara rẹ̀ ròyìn ayé rẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí WhatsApp pé ẹni tó ní ìpèníjà òye kò lè sọ bí ayé rẹ̀ ṣe rí, pé òbí tàbí olùtọ́jú ni kí olùwádìí bi. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní Amẹ́ríkà, ìwádìí National Core Indicators, tó ń béèrè bí ayé àwọn tó ní irú ìpèníjà bẹ́ẹ̀ ṣe rí, tó sì bẹ̀rẹ̀ ní 1997, ní apá kan tí ẹlòmíì ò gbọdọ̀ báni dáhùn rárá.

Ìbéèrè "bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́" ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Ẹni tí ìbéèrè ò yé, tàbí tó ń ṣojo, á kàn ní "bẹ́ẹ̀ ni". Olùwádìí Carol Sigelman àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi èyí hàn láti 1981. Ìbéèrè ló lábùkù, kì í ṣe ẹni tí a bi.

Ẹ bi í pé, "Ṣé ẹ fẹ́ràn ilé yìí?" Tó bá yá, ẹ yí i padà: "Ṣé ó wù yín kí ẹ kó kúrò níbí?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni sí méjèèjì, ẹ má lo ìdáhùn yẹn. Ẹ gbé àwòrán méjì síwájú rẹ̀, kó nawọ́ sí ọ̀kan. Tẹ́ ẹ bá fẹnu lásán ka àṣàyàn, èyí tó kẹ́yìn ló sábà máa ń mú. Kí olùtọ́jú sì jìnnà díẹ̀ (ta ló fẹ́ ṣàròyé ẹni tó ń fún un lóúnjẹ lójú rẹ̀?). Bó bá ti dàgbà, "ẹ" ni kẹ́ ẹ fi bá a sọ̀rọ̀, kì í ṣe "ìwọ".

Olùtọ́jú wúlò tó bá kan ìgbà tí ẹni náà rí dókítà gbẹ̀yìn. Bóyá inú rẹ̀ dùn, òun fúnra rẹ̀ ni kẹ́ ẹ bi.