Èsì sí oníbàárà wa: wúlù kọ́ ló súnkì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta mà. A dúpẹ́ pé ẹ ráyè kọ ohun tí ojú yín rí, tí ẹ sì fi fọ́tò tì í. Ẹ fún àpò ìkọ́ṣẹ́ kuroṣé wa (òwú híhun pẹ̀lú píìnì tí ẹnu rẹ̀ kọ́) ní ìràwọ̀ 2. Ẹ ní ojú 20 (ìhun kọ̀ọ̀kan là ń pè ní ojú) lẹ fi bẹ̀rẹ̀ double crochet, irú ojú kan tó ga, àmọ́ nígbà tó fi máa di ìlà kẹjọ, 13 ló kù, iṣẹ́ wá rí ṣóńṣó lókè. Ẹ ní wúlù wa ló ń súnkì, ó sì tún ń là mọ́ píìnì lẹ́nu.

Mà, ẹ wo iye tí ẹ kọ yẹn dáadáa. Wúlù tó bá súnkì á sọ ojú di kékeré ni, kò lè dín iye rẹ̀ kù. Láti ìlà kìíní dé ìkẹjọ, ẹ yí iṣẹ́ padà lẹ́ẹ̀méje, ojú 7 ló sì sọnù. Ojú kan ń bọ́ ní ìlà kọ̀ọ̀kan nìyẹn, ìparí ìlà ló sì ti ń bọ́.

Ṣéènì 3 (òrùka òwú tó so kọ́ra wọn) tí ẹ ń ṣe kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ìlà, ojú kan ni, ẹ gbọ́dọ̀ kà á mọ́ ọn. Fún ojú 20, ẹ ṣe ṣéènì 22. Ẹ má ka èyí tó wà lórí píìnì. Ẹ ka ìyókù, ìkẹrin ni kí ẹ ki píìnì bọ̀. Mẹ́ta tí ẹ fò ti di ojú kan, 19 tó kù á mú un pé. Tí ẹ bá yí i padà, ẹ ṣe ṣéènì 3, ẹ fo ojú tó wà ní ìdí rẹ̀ gan-an, ẹ hun 18, kí ẹ wá hun èyí tó kẹ́yìn sórí ṣéènì 3 ti ìlà ìṣáájú. Ibẹ̀ lẹ ń fò. Kò jọ ojú rárá, ó máa ń tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi òwú tó kàn yọ síta. Gbàrà tí ẹ bá ti ṣe ṣéènì kẹta, ẹ so òwú pupa bíńtín mọ́ ọn, ẹ ò ní fò ó mọ́. Ẹni tó bá sì hun sínú ojú ìdí tó yẹ kó fò, tirẹ̀ á máa fẹ̀ ni.

Ìlà kẹta àti ìkẹrin nínú fọ́tò yín kúrú ju àwọn yòókù lọ. Bí a ṣe ń hun double crochet nìyí: ẹ wé òwú mọ́ píìnì, ẹ ki píìnì bọ abẹ́ okùn méjèèjì tó rí bíi V, ẹ wé òwú, ẹ fà á jáde: okùn mẹ́ta ló máa wà lórí píìnì. Ẹ wé òwú, ẹ fà á gba inú méjì. Ẹ tún wé e, ẹ fà á gba inú méjì tó kù. Ní ìlà méjì yẹn, inú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ fà á gbà lẹ́ẹ̀kan náà. Half double crochet nìyẹn, kì í ga tó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ fídíò àwọn ará ìlú Ọba lẹ ń wò, treble ni wọ́n ń pe double crochet tó wà nínú ìwé wa.

Ní ti wúlù tó ń là, òótọ́ lẹ sọ. Irú èyí kò lọ́ le. Ẹ máa yí ẹnu píìnì kọjú sísàlẹ̀ bí ẹ bá ń fà á jáde, kò ní máa há.

Ẹ má kó iṣẹ́ náà dà nù. Ẹ tú u dé ìparí ìlà kìíní, kí ẹ máa ka ojú ní ìlà kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó yí i padà. Aláwọ̀ aró lẹ yàn, ó sì rẹwà, Òṣogbo ìlú aró la kúkú wà. Ṣùgbọ́n ojú kì í hàn nínú rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, pàápàá lálẹ́. Ẹ mú bọ́ọ̀lù kejì tí ẹ kò tíì tú wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọjà Ọba, a ó pààrọ̀ rẹ̀ sí àwọ̀ wàrà, a ò ní gba kọ́bọ̀.