Wọ́n ní ọ̀mùtí nìkan ni ẹ̀dọ̀ ń dà láàmú: irọ́ ni

Tí ẹ bá gbọ́ ní Òṣogbo pé ẹ̀dọ̀ ń yọ ẹnì kan lẹ́nu, ẹ ní sùúrù díẹ̀, ẹ ó gbọ́ èyí tó tẹ̀lé e: "Àbí ó ti ń mutí jù ni?" Bó bá jẹ́ Alhájì ni, ọ̀rọ̀ á di wúyẹ́wúyẹ́, wọ́n á ní kọ̀rọ̀ ló ti ń mu ún. Mo mọ Alhájà kan tó ń ta aṣọ ní ọjà Olúòdé tó fi èsì àyẹ̀wò rẹ̀ pamọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí ìtìjú yìí. Obìnrin tí kò fi ọtí kan ẹnu rí láyé rẹ̀! Móòtì tútù ló ń mu ní ṣọ́ọ̀bù, ìgò méjì lóòjọ́, ó ní ó ń fún òun lẹ́jẹ̀. (Móòtì kì í fúnni lẹ́jẹ̀ o. Ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn.)

Ọtí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ lóòótọ́, kí àwọn tó ń mu ún má tíì máa jó. Àrùn mẹ́dọ̀wú, pàápàá irú B tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, ń bà á jẹ́ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ọ̀rá lè kún inú ẹ̀dọ̀ láìsí ọtí rárá. Ní 1980, Jurgen Ludwig àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa aláìsàn 20 tí ẹ̀dọ̀ wọn jọ ti ọ̀mùtí gẹ́lẹ́ nígbà tí wọ́n fi maikirosikóòpù wò ó, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọ̀mùtí. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sanra, àwọn kan sì ní àtọ̀gbẹ.

Níbo wá ni ọ̀rá náà ti wọlé? Ọ̀pọ̀ èèyàn á na ọwọ́ sí epo àti ẹran ọlọ́ràá. Ó ní ipa tirẹ̀, àmọ́ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ máa ń sọ ṣúgà tó bá ṣẹ́kù lára di ọ̀rá. Iyán àti àmàlà tó ga ju ọbẹ̀ lọ wà níbẹ̀, ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò sì wà níbẹ̀ pátápátá. Ẹ yí ìgò tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ ka ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Tí wọ́n bá kọ ọ́ pé ṣúgà gíráàmù 10 wà nínú mílílítà 100, a jẹ́ pé gíráàmù 50 ló wà nínú ìgò 50cl, nǹkan bíi ṣúgà onígun 12. Ta ló máa ń fi ṣúgà 12 po tíì?

Ọ̀rá yìí kì í jókòó sójú kan. Ẹ̀dọ̀ ń kó o sínú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń gbé e kiri, ibi tó bá sì ráyè ni yóò wọ̀. Páńkíríásì wà lára ibẹ̀. Ẹ̀yà ara kékeré ni, gígùn rẹ̀ kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, ó fara pamọ́ sẹ́yìn àpò oúnjẹ. Òun ló ń ṣe omi tó ń da oúnjẹ, òun náà ló ń ṣe ínsúlíìnì tó ń kó ṣúgà níjàánu. Ọ̀rọ̀ ọ̀rá inú rẹ̀ kì í ṣe tuntun: láti 1933 ni oníṣègùn kan tó ń jẹ́ Ogilvie ti yẹ òkú wò, tó sì rí i pé ọ̀rá inú páńkíríásì àwọn tó sanra tó ìdá 17 nínú 100, ti àwọn tí kò sanra sì jẹ́ ìdá 9.

Ẹ̀dọ̀ àti páńkíríásì ń ran ara wọn lọ́wọ́ lọ́nà òdì. Ẹ̀dọ̀ tí ọ̀rá kún kì í gbọ́ràn sí ínsúlíìnì lẹ́nu mọ́; páńkíríásì á wá máa tú púpọ̀ sí i jáde; ínsúlíìnì tó pọ̀ yẹn á tún mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe ọ̀rá sí i, páńkíríásì á sì gba nínú rẹ̀. Bí ẹni ń yá owó èlé san owó èlé ni. Nígbà tó bá yá, ínsúlíìnì ò ní tó mọ́, àtọ̀gbẹ á yọjú. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí bí ẹ̀bi páńkíríásì ọlọ́ràá ti pọ̀ tó nínú àtọ̀gbẹ, ṣùgbọ́n pé òun àti ẹ̀dọ̀ ọlọ́ràá sábà máa ń rìn pọ̀, ìyẹn ò sí nínú àríyànjiyàn.

Dókítà Roy Taylor àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Newcastle, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dán an wò bóyá àtọ̀gbẹ á rọlẹ̀ tí ọ̀rá yìí bá dín kù. Nínú èsì tí wọ́n gbé jáde ní 2011, alátọ̀gbẹ 11 ni wọ́n fún ní oúnjẹ kálórì 600 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀rá ẹ̀dọ̀ ti já wálẹ̀, tí ṣúgà àárọ̀ kùtùkùtù sì bọ̀ sípò. Ti páńkíríásì falẹ̀, láti ìdá 8 sí 6.2 nínú 100, ínsúlíìnì sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í jáde dáadáa. Kí alátọ̀gbẹ tó ń lo oògùn má dá irú ebi yẹn pa ara rẹ̀ nílé o. Ṣúgà rẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì.

Ohun kan tún ń tan àwọn èèyàn jẹ ní ibi sìkáànù. Wọ́n á pa ìpara tútù sí ikùn yín, ẹ̀dọ̀ á hàn funfun ju kíndìnrín lọ lójú ẹ̀rọ, ẹ ó gbọ́ pé ọ̀rá wà níbẹ̀. Tó bá kan páńkíríásì, wọ́n á kọ ọ́ pé gáàsì inú ìfun bò ó. Aláìsàn á délé, á ní, "Wọ́n ní páńkíríásì mi dára." Ẹnikẹ́ni ò sọ bẹ́ẹ̀. Wọn ò rí i ni.

Àgbo ńkọ́? Mi ò rí èyí tó ń yọ́ ọ̀rá kúrò nínú ẹ̀dọ̀, bẹ́ẹ̀ sì làwọn egbòogi kan wà tó ń pa ẹ̀dọ̀ lára. Dídín ara kù ló ń ṣiṣẹ́: ìdá 7 sí 10 nínú 100 ìwọ̀n ara ni àwọn dókítà sábà ń bèèrè. Ẹni tó wọn kílò 90 á wá bíi kílò 6 sí 9 jù sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Tí èsì bá sì ti sọ pé ẹ̀dọ̀ yín lọ́ràá, ẹ ní kí wọ́n yẹ ṣúgà yín wò pẹ̀lú, kí wọ́n lo àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní HbA1c. Ó ń sọ bí ṣúgà ti ń ṣe bọ̀ láti nǹkan bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ebi ọjọ́ méjì kò lè tàn án jẹ.