Aago Tí Wọ́n Kó Lẹ́rú

Lọ́dún 1382, Philippe tó ń ṣàkóso Burgundy àti ọba Faransé jọ lọ sójú ogun, wọ́n sì lu àwọn ará Flanders bolẹ̀ ní Roosebeke. Wọ́n yà sí Kortrijk, ìlú Flanders kan tó wà ní Bẹ́ljíọ̀mù òde òní, láti dáná sun ún. Àmọ́ kí wọ́n tó ṣáná, Philippe ní kí wọ́n tú aago orí ilé ọjà wọn wálẹ̀ jẹ́jẹ́. Ilé lè jóná, onílé lè sá sígbó. Aago ṣáà gbọ́dọ̀ dé Dijon, olú ìlú Burgundy, láyọ̀.

Ẹ má bú u jù. Láyé ìgbà náà, ìlú ńlá tí kò ní aago dà bí ẹni tó dé òde láìra aṣọ ẹbí. Milan ti ní tirẹ̀. Ti Strasbourg ní àkùkọ onírin tó ń gbọn ìyẹ́. Ọba Charles Karùn-ún gbé tirẹ̀ sórí ilé ìṣọ́ ààfin ní Paris. Ta ló fẹ́ gbẹ́yìn?

Ṣé aago ọ̀hún wá mọ àkókò? Háà! Èyí tó lójú nínú wọn, ọwọ́ kan ṣoṣo ló sábà máa ń ní. Ti Salisbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò tilẹ̀ lójú rárá, agogo lásán ló ń lù. (Abájọ tí àwa náà fi ń pe aago ní agogo.) Ó lè fi ìṣẹ́jú 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ ṣìnà lóòjọ́, oòrùn tí ẹnikẹ́ni ò sanwó rẹ̀ ni wọ́n sì fi ń tún un ṣe.

Ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ nìkan ni kì í ṣìnà sí. Ní Amiens nílẹ̀ Faransé, lọ́dún 1335, olórí ìlú ti lọ tọrọ àṣẹ lọ́dọ̀ ọba kí agogo máa darí àwọn alágbàṣe: ẹ bọ́ síbi iṣẹ́, ẹ lọ jẹun, ó tó, ẹ padà, ẹ ṣíwọ́. Bàbá olówó ń sùn lọ́wọ́, agogo ń bá a pariwo mọ́ ọmọ ẹni ẹlẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Dijon. Ère ọkùnrin onírin tó ń lu agogo aago náà, Jacquemart ni wọ́n sọ ọ́. Lọ́dún 1651, àánú rẹ̀ ṣe ìlú, wọ́n fẹ́yàwó fún un. Ọdún 63 kọjá, kò sọ́mọ! Akéwì kan, Aimé Piron, gba ẹjọ́ náà rò, ni wọ́n bá rọ ọmọkùnrin kan fún wọn ní 1714, kó máa lu ààbọ̀ wákàtí. Nígbà tó di 1884, ọmọbìnrin kan tún dé.

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé wọ́n ránṣẹ́ pe ẹbí ọkọ ní Kortrijk síbi ìsọmọlórúkọ?